Ta Ló Fọwọ́ Sí Ìwé Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Akọ̀wé ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìròyìn. Mo ní rárá. Àwa oníròyìn ti ń sọ̀rọ̀ ara wa jù. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá, ẹnì kan ló fi rán mi, ẹ sì mọ̀ ọ́n. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó jókòó lẹ́yìn mi ní SS 2, òun ló máa ń ṣàlàyé ìṣirò fún wa kí tíṣà tó dé. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́.

Ní ọdún 2016, orí rẹ̀ dàrú. Kò sùn, kò jẹun, ó ń bá ẹni tí a kò rí jà. Ní òru ọjọ́ kan, ó yọ àdá sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin mẹ́fà dè é lókùn, wọ́n gbé e sínú bọ́ọ̀sì, ó di ilé àdúrà kan tí kò sí ní ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́ igi. Wọ́n ní kí ó máa gbààwẹ̀ kí ẹ̀mí burúkú lè jáde. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò níbẹ̀. Ojú àpá náà ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, oògùn sì bá a mu. Ó ń ta kájú báyìí, ó sì ń ṣe dáadáa jù mí lọ, kí n má purọ́. Lọ́jọ́ kan tí a pàdé ní Òmù-Àrán, ó ní: “Ìwọ oníròyìn, bá mi wá ìwé kan. Ẹni tó jí ewúrẹ́, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, adájọ́ á sì sọ iye oṣù tí yóò lò. Èmi, ta ló fọwọ́ sí ìwé tèmi? Oṣù mélòó ló kọ síbẹ̀?”

Mo wá ìwé náà. Kò sí.

Ẹ má rò pé òfin ni kò sí o. Òyìnbó ti ṣe Òfin Wèrè láti ọdún 1916, èyí tó di ti 1958 sì wà nínú ìwé òfin wa ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rẹ́ wa fi wà nídìí igi. Orúkọ òfin náà burú, inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ro ti aláìsàn. Síbẹ̀, kí wọ́n tó ti ènìyàn mọ́ ilé wèrè, ó béèrè ọ̀rọ̀ dókítà àti àṣẹ májísíréètì. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 35, gbà pé a lè gba òmìnira lọ́wọ́ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, nítorí ìtọ́jú rẹ̀ tàbí nítorí ààbò ìlú. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́kọ́ sọ pé ìlànà tí òfin fọwọ́ sí ni kí a tẹ̀ lé. Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo wa máa ń fò.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Láàárín ọdún 2018 sí 2019, àwọn Human Rights Watch lọ sí ibi ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà: ilé ìwòsàn ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé àfáà, ilé oníṣègùn. Ní 27 nínú wọn, wọ́n ní gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ni wọ́n tì mọ́lé láìbófin mu.

Mo gbára dì, mo lọ bá màmá rẹ̀. Màmá gbé àga fún mi, wọ́n bu omi fún mi. Wọ́n ní: “Ọmọ mi, níbo ni kí n gbé e lọ? Ọlọ́pàá ní àwọn kì í mú wèrè. Dókítà tó mọ àìsàn náà, Ìlọrin ló wà. Awakọ̀ wo ló fẹ́ gbé wa? Ṣé kí n jókòó títí yóò fi pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni?” N kò rí èsì fọ̀. Omi ni mo mu.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìgbà kan wà tí a ní láti gbé ènìyàn lọ gba ìtọ́jú láìjẹ́ pé ó fẹ́. N kò bá màmá jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé láti ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì yẹn ti gbéra, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó jẹ́ dandan fún láti padà wá béèrè pé, ara rẹ̀ ńkọ́?

Ìwé kóòtù lásán kò sì tó o. Àwọn kan wà tí ẹbí wọn gba àṣẹ kóòtù, tí wọ́n fi bá ara wọn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, láìṣẹ̀, láìjẹ́jọ́. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀ ni “civil lunatic”. Àwọn Amnesty International kọ nípa wọn ní ọdún 2008. Ẹni tó sì pa ènìyàn nínú wèrè, tí kóòtù rí i pé kò mọ ohun tí ó ń ṣe, òfin ìgbẹ́jọ́ àtijọ́ ní kí wọ́n tì í mọ́lé títí yóò fi wu gómìnà. Gómìnà wo ló máa jí láàárọ̀ tí yóò rántí pé ó yẹ kí ó wu òun? Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lópin. Ẹ rí i pé ìbéèrè méjì ni ọ̀rẹ́ wa béèrè: ta ló fọwọ́ sí i, àti oṣù mélòó.

Ní Aro, l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo ṣe é lọ́nà mìíràn. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, ẹbí kan a sì bá aláìsàn wá, a máa se oúnjẹ fún un. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sílé. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè gbàgbé rẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá.

Ní January 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní National Mental Health Act 2021, òun ló gba ipò Òfin Wèrè. Ọmọ Kwara ló gbé e wá sí ilé aṣòfin àgbà, Sẹ́nétọ̀ Ibrahim Oloriegbe láti Àárín Gbùngbùn Kwara, dókítà sì ni. Òfin náà sọ ìgbà tí a lè fi agbára tọ́jú ènìyàn: bí ó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn ní jàǹbá, irú bẹ́ẹ̀. Ó sì sọ nípa ìgbìmọ̀ kan tí aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀ lè ké gbàjarè sí. Mo kà á, ó dára. Ṣùgbọ́n Abuja ni wọ́n ti kọ ọ́, òru sì ni wèrè máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Iloffa.

Ìdí nìyí tí mo fi dá yín dúró. Lónìí a fẹ́ dìbò lórí owó gèètì tuntun fún ilé-ẹ̀kọ́ wa. N kò kórìíra gèètì. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn yìí, mo rí lọ́yà mẹ́ta, mo rí nọ́ọ̀sì, mo rí ọlọ́pàá, mo rí pásítọ̀ àti àfáà tí wọ́n máa ń gbé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wá bá. Ẹ jẹ́ ká yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà sọ́tọ̀. Bí ìpè bá dé lóru, kí a rí owó ọkọ̀ dé Ìlọrin, kí nọ́ọ̀sì kan bá wọn lọ, kí lọ́yà kan sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ àti ọjọ́ tí òun yóò padà lọ wò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó rán mi wà níbí. Òun ló kọ́kọ́ san owó ìpàdé tọdún yìí, akápò lè jẹ́rìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wẹ̀yìn wò káàkiri. Alága, mo ti sọ tèmi. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ gèètì náà wá.