Mọ́tò Àtijọ́ Tí Ó Wà Nínú Agbo-ilé Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìlú Ẹdẹ)

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí léèrè ohun tí mo ń fi ògbólógbòó mọ́tò bàbá bàbá mi ṣe, nígbà tí àwọn tí ń ra irin àlòkù ti múra tán láti wọ̀n ọ́n kí wọ́n sì san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èsì ìbéèrè náà ni mo mú wá.

Ní 1906 ni ìjọba Gómìnà Egerton la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ní 1907 ni rélùwéè gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo. Ní Èkó, ọmọ ilẹ̀ wa kan, W. A. Dawodu, ń ta mọ́tò, ó sì ń tún un ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé Red Book of West Africa tí Allister Macmillan ṣe ní 1920. Mo sọ èyí nítorí àwọn tí ń rò pé òyìnbó nìkan ni ó mọ inú ẹ́ńjìnnì nígbà náà.

Ford Model T ni mọ́tò tiwa, irú èyí tí Henry Ford ṣe láti 1908 títí di 1927, tí iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 15. Kò ní ẹ̀rọ tí ń fa epo. Epo fúnra rẹ̀ ni ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ láti inú táǹkì sínú ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà bí epo bá kù díẹ̀ tí òkè sì ga, ẹ̀yìn ni dẹ́rẹ́bà fi ń gun òkè náà. Bàbá mi ní àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀lé e, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín.

Mo kọ́kọ́ wá ohun èlò rẹ̀ lọ sí Gate ní Ìbàdàn àti sí Ládípọ̀ ní Èkó. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ti Toyota àti ti Honda ni ó kún ìsọ̀ wọn. Mẹkáníìkì kan tilẹ̀ ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, kí n fi ti Toyota sí i. N kò gbà. Awọ Ford nìkan ni ìbá kù.

Amẹ́ríkà ni mo ti ra táyà, nítorí wọ́n ṣì ń ṣe é níbẹ̀; owó rẹ̀ dùn mí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìyókù wà nílé. Igi ni ọ̀pá inú ẹsẹ̀ mọ́tò náà, 12 nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan; ọyẹ́ ti gbẹ wọ́n, wọ́n sì ń mì. Ẹni tí ń gbẹ́ igi ìlù dùndún ní ìlú wa yìí, tí ó mọ igi apá tí ó gbẹ dénú yàtọ̀ sí èyí tí ó gbẹ lójú lásán, ni ó gbẹ́ òmíràn. Ìdérí rédíétọ̀ ti sọnù. Asúdẹ kan fi ìda ṣe irú rẹ̀, ó fi amọ̀ bò ó, ó yọ́ ìda náà jáde, ó sì da idẹ sí àyè rẹ̀.

Èyí tí ó le jùlọ ni ibi mẹ́ta tí ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Irin rírọ̀ tí tánganran pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a ń yọ́ dà sí wọn, kí a tó fi ọbẹ fá a títí yóò fi bá ọ̀pá náà mu rẹ́gí. Àgbà mẹkáníìkì kan, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, da méjì fún mi. Ó papòdà kí ó tó kan ẹ̀kẹta. Láti ìgbà náà ni mọ́tò náà ti dúró.

Ẹ̀yin Olóyè, mo mọ̀ pé irú rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé àwọn kan nínú yín. Ẹ má ṣe tà á fún aláwọ̀nrà kí ọmọ Ẹgbẹ́ kan tó wá ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó kù lára rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ àgbà kan, ìbáà ṣe ní Ìwó tàbí ní Iléṣà, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ bí a ti ń da irin rírọ̀ náà sí ẹ́ńjìnnì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ yìí. Èmi fúnra mi ni yóò lọ gbé e wá.