OKÙN INÚ EEGUN Ẹ̀YÌN

Bí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú ní títì Àgbádárìgì, ẹnì kan á gbá a mú lábíyá, ẹnì kejì á gbá ẹsẹ̀ mú, ó di inú dánfó. Àánú ni. Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí ti bá wọn gbé e bẹ́ẹ̀ rí.

Okùn kan wà nínú eegun ẹ̀yìn, kò nípọn ju ọmọ ìka wa tó kéré jù lọ. Òun ló ń gbé ìròyìn ara lọ sí ọpọlọ. Ìròyìn ìfọwọ́kàn láti ẹsẹ̀ ọ̀tún á gba apá ọ̀tún gòkè, ó di ìsàlẹ̀ ọpọlọ kó tó sọdá. Ṣùgbọ́n ti ìrora àti ti ooru, kò ní pẹ́ tó wọlé tí yóò fi sọdá sápá òsì. Nítorí náà, bí apá kan okùn náà bá bàjẹ́, èèyàn lè mọ̀ pé a fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun, kó má mọ̀ pé omi gbígbóná ń jó o. Subhanallah!

Bó bá sì já pátápátá, dókítà ò tíì rí i so padà. Ẹ má fà á dìde, àfi bí iná tàbí ọkọ̀ bá fẹ́ ká a mọ́bẹ̀. Ẹ rọra di orí rẹ̀ mú kó má yí, ẹ pe 112 tàbí 767, kí ẹ sì dúró tì í.