Ọ̀rọ̀ Ádímínì: Ìrìn Àjò Wa sí Bonny

Ebúté Nembe-Bille-Bonny la ti máa wọkọ̀, láàárọ̀ kùtù. Kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi nìkan la fẹ́ gùn o. Bonny yẹn, wọ́n ta ẹrú níbẹ̀ kí epo pupa tó dọjà. Ibẹ̀ ni Jaja ti kúrò ní 1869, tó lọ tẹ Opobo dó. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun ló mú ìjọ Áńgílíkà débẹ̀. Ọmọ ìlú náà ló máa mú wa kiri. Ẹ bi í léèrè dáadáa.

Àmọ́ o, ẹni tí ò bá wọ life jacket ò ní bá wa lọ, ìbáà ṣe alága. Bí ọkọ̀ bá kún jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Owó á tún wá; ẹ̀mí ò láàrọ̀.