Kí Ọkàn Wa Wà Níbi Tí Ara Wa Wà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin ọlọ́jà, Àkúrẹ́ àti Oǹdó)

  

Ẹni tó ránṣẹ́ pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà tí nǹkan bá le. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kí n wá máa sọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà pé kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín? Bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni, n kò ní í wá. Ẹni tí ebi ń pa, tí owó ilé-ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀, tí a wá sọ fún pé kó máa ro rere, kí la ṣe fún un? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ìyá tó bí mi sì ta aṣọ ní Oǹdó. Ohun tí mo rí nínú méjèèjì ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ wo bí àwa Yorùbá ṣe ń kí ara wa. Ẹni tí òjò pa, a ní "ẹ kú òjò." Ẹni tó pàdánù, a ní "ẹ kú àdánù." Ẹni tí nǹkan le fún, a ní "ẹ kú ìrọ́jú", "ẹ kú àmúmọ́ra." Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó sọ pé wàhálà náà kò sí. A ó kọ́kọ́ pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni àdúrà á tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n pa àwọn ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ẹ̀mí bíi 40 ṣòfò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó lọ kí ọlọ́fọ̀ tó ń sọ pé "ó máa dáa" kó tó jókòó, ó kánjú. Ẹni tó jókòó tì wọ́n tí kò sọ nǹkan kan, òun ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, ìfọ̀kànbalẹ̀ tí mo ń sọ kì í ṣe pé kí ẹ máa ṣe bí ẹni pé nǹkan dùn.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo wa jọ jẹ níbẹ̀: ọ̀rọ̀ owó tuntun. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ni owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ní tó bá ti di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023, owó àtijọ́ ti di bébà lásán. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 16, Ààrẹ Buhari bá ìlú sọ̀rọ̀, ó ní igba náírà àtijọ́ nìkan ni a ṣì lè ná, títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wá dá a pé kí gbogbo owó àtijọ́ máa jẹ́ nínà títí di ìparí ọdún náà. Nígbà tí ọdún fẹ́ parí, wọ́n tún ní ká ṣáà máa ná an lọ. Ẹ kà á wò, láti ìgbà tí wàhálà gan-an bẹ̀rẹ̀, kò ju bí oṣù méjì lọ. Lára tiwa ńkọ́? Ọdún méjì ni.

Ẹ rántí bó ṣe rí. A ń fi owó ra owó lọ́wọ́ oní-POS. Oníbàárà á ní òun ti fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, álàátì kò ní í dé. Òmíràn á fi álàátì ayédèrú hàn yín, á gbé ọjà lọ. Ẹni tó ń ta aṣọ lè dì í padà sínú àpò, kò ní í bàjẹ́. Ẹni tó ń ta tòmátì, ata, ẹ̀fọ́ àti ẹja tútù ńkọ́? Ó ń wo owó rẹ̀ bó ṣe ń rà mọ́ ọn lójú. Mo rí obìnrin kan tó dákú lórí ìlà níwájú báńkì kan. Kò tíì jẹun láti àárọ̀, oòrùn ń pa á, inú ń bí i, ó sì ti gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílé. Owó tó fẹ́ gbà kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Mo tún mọ ìyá kan tó ń ta ata àti tòmátì ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí. Nígbà tí kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ra ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ nǹkan sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó mọ̀ lójú sínú rẹ̀, ó ń tà fún wọn láwìn, abọ́ kan, abọ́ méjì. Àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó dá wọn lóhùn pé, "Èyí tí mo tà láwìn lè padà wá. Èyí tó bá jẹrà, ṣé ó ń padà wá?" N kò ní í purọ́ fún yín, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí gbà. Àwọn kan jẹ ẹ́ gbé. Ṣùgbọ́n èyí tó rí gbà ló fi tún ọjà rà, àwọn oníbàárà yẹn kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Nígbà tí gbogbo ọjà ń jiyàn lórí Àbújá, tí wọ́n ń gbọ́ rédíò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, apẹ̀rẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ni òun ń wò. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, èwo ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́, ta ni mo lè fọkàn tán? Kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn. Ó fara balẹ̀ ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ló ń rí ìfun èèrà, àwọn àgbà ti wí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ìfarabalẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bá ọmọ tó ń bínú sọ̀rọ̀, wọn kì í kọ́kọ́ sọ pé "fọkàn balẹ̀." Wọ́n á ní "jókòó ná, fara balẹ̀." Ara ló ń ṣáájú. Ìyẹn sì bá ohun tí a rí nílé ìwòsàn mu. Ẹ kò lè pàṣẹ fún ọkàn pé kó dákẹ́. Ṣe ló máa dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ lè pàṣẹ fún èémí. Ẹ jókòó, ẹ tú gèlè tó bá fún jù, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ fi imú mí sínú, kí ẹ ka 1 dé 4. Ẹ mí síta jẹ́jẹ́, kí ẹ ka 1 dé 6. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa mí nígbà 6 láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́ pàápàá ń mí tó 12 sí 20. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn ìsọ̀. Lílù ọkàn á rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru á wálẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ọfọ̀ o, kò sì ta ko ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń fa tẹ̀súbáà mọ ohun tí mò ń sọ, ẹni tó ń ka Sáàmù jẹ́jẹ́ náà mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ kò rọ́pò oògùn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Ilé ìwòsàn UNIMED wà ní Àkúrẹ́, ó wà ní Oǹdó, kò sí àwáwí. Ẹ sì jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń ka owó, ẹ máa ka owó. Ọwọ́ wà lórí owó, etí wà lórí fóònù tí ẹnì kan fi ń sọ ìròyìn burúkú láti ìlú òkèèrè, ojú wà lára oníbàárà: ibẹ̀ ni ṣéńjì ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òru. Ní ọ̀sán, ọjà á jẹ́ ká gbàgbé. Òru ni gbèsè ń jí wa. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, petirólù tí à ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ láti Oǹdó sí Àkúrẹ́ fò, owó ẹrù fò, owó tí a fi ń ṣòwò kò sì pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ wa ló sáré lọ yá owó gbọ́mú-lé-láńtà. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Owó tí wọ́n ń gbà padà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí ẹni tó wá gbà á á jókòó sí ìsọ̀ yín lójú gbogbo ọjà. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú àwọn tó lọ yá a, a rí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù! Àwa tí orúkọ wa ń sọ pé a jẹ, ó ṣẹ́kù. Ojú ló ń tì wọ́n láti sọ fún ẹgbẹ́ pé ọjà ti wó mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n fi pa mọ́ fún ọkọ, wọ́n fi pa mọ́ fún ọmọ, wọ́n wá ń dá a rò láàárín òru. Èyí ló ń pa ènìyàn ju gbèsè lọ, èmi nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ìyá àgbà kan ṣe ní ilẹ̀ Sìmbábúwè. Ní ọdún 2005, ìjọba ibẹ̀ wó ilé àti ìsọ̀ àwọn tálákà káàkiri àwọn ìlú ńlá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní àwọn tó pàdánù ilé tàbí iṣẹ́ wọn tó 700,000. Kó tó pẹ́, owó wọn náà bàjẹ́ débi pé ní ọdún 2009 wọ́n tẹ owó bébà kan ṣoṣo tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún tírílíọ̀nù. (Tiwa kò tíì dé ibẹ̀, kó má sì débẹ̀.) Dókítà kan ń bẹ níbẹ̀, Dixon Chibanda, tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú pa ara rẹ̀, nítorí pé kò rí owó mọ́tò tí ì bá fi wá sí ilé ìwòsàn. Ó dun dókítà yìí. Ní ọdún 2006 ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní àdúgbò Mbare ní Harare, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí yàrá, kò sí nọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà 14 ni wọ́n rí fún un. Ó kọ́ wọn, ó gbé àga gbọọrọ sí abẹ́ igi níta, ó ní kí wọ́n máa jókòó síbẹ̀.

Àwọn ará ibẹ̀ ní orúkọ fún àìsàn yìí: kufungisisa, ìyẹn ni ríronú jù. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni? Ẹni tí ìrònú ń bá jà á wá jókòó ti ìyá àgbà. Ìyá kò ní í wàásù. Á ní kó sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, á tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ mú ìṣòro kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n á jọ wá ohun tó lè ṣe sí i lọ́sẹ̀ yẹn, á sì padà wá jábọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016, nínú 100 tó jókòó lórí àga yẹn, bíi 14 ni àárẹ̀ ọkàn ṣì wà lára wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Nínú 100 tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ó tó 50. Àwọn ìyá àgbà ló ṣe é, kì í ṣe dókítà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ nìyí. Ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ ọjà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ obìnrin. Lóbùn wà níbẹ̀ láti ayébáyé, àwọn àgbà ibẹ̀ sì ní obìnrin ni Pupupu, Òṣemàwé àkọ́kọ́. A ní àwọn ìyá tó ti lé ní 60 ọdún nínú wa, tí ojú wọn ti rí, tí ẹnu wọn kì í ya. Ẹ jẹ́ ká gbé àga gbọọrọ kan sí Ọjà Ọba níbí, kan sí Odosida ní Oǹdó, lọ́jọ́ tí a bá ń gba owó ẹgbẹ́. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dé etí kejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "ìwọ lo fà á." Ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn, ìyá á bá a dé ọ̀dọ̀ akápò, kó má dá lọ. Ẹni tó bá sì sọ pé ayé ti sú òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo ti bá Ìyá Ẹgbẹ́ sọ ọ́, wọ́n ní kí n gbé e wá síwájú yín. Ìyá tó bá fẹ́ jókòó lórí àga náà, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí wọ́n tó lọ síbi oúnjẹ. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ ò ní í rántí.