AFÁRÁ BARTON, TÍ Ó GBÉ ODÒ LÉRÍ ODÒ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lè dà bí àlọ́ létí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ afárá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbà sọdá omi. Omi fúnra rẹ̀ ni ó ń gbà á kọjá, tòun ti ọkọ̀ tí ó léfòó lórí rẹ̀, omi mìíràn sì wà nísàlẹ̀.

Ní Barton, lẹ́bàá Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wà. Ọlọ́lá kan, Duke ti Bridgewater, ní kòtò èédú ní Worsley. Ó gbẹ́ ọ̀nà omi láti fi ọkọ̀ kó èédú náà lọ tà ní Manchester, ṣùgbọ́n odò Irwell dábùú rẹ̀. James Brindley ní kí a fi òkúta mọ afárá olójú mẹ́ta, kí a sì gbé ọ̀nà omi náà gba orí rẹ̀. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. Ní ọdún 1761 ọkọ̀ kọjá níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó.

Ó lé ní 130 ọdún tí afárá náà fi sìn wọ́n. Nígbà náà ni àwọn ará Manchester ń gbẹ́ ọ̀nà fún ọkọ̀ òkun, ibi odò Irwell yìí gan-an ni ó sì gbà. Afárá Brindley kò ga tó fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá wó o, níbo ni ọkọ̀ èédú yóò gbà?

Edward Leader Williams ní kí a ṣe ọpọ́n irin gbọọrọ, kí ó máa yí pẹ̀lú omi nínú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 235 ẹsẹ̀ bàtà, ìbú rẹ̀ 18, jíjìn rẹ̀ 6. Bí ọkọ̀ òkun bá ń bọ̀, a ó ti ìlẹ̀kùn ní ẹnu ọpọ́n náà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, a ó sì ti ti ọ̀nà omi tí ó kàn án pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí ni yóò yí lórí àwọn irin roboto, lórí erékùṣù kan láàárín odò, kí ọkọ̀ lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú omi jẹ́ 1,450 tọ́ọ̀nù! Bí a bá ń da omi náà nù nígbà gbogbo, ìfiṣòfò ni ìbá jẹ́, ìdúró ọkọ̀ ìbá sì pọ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá wọ inú ọpọ́n náà, kò ha ní wúwo sí i? Rárá o. Ọkọ̀ tí ó léfòó a máa ti omi tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba jáde. Ẹni tí ó bá ti gbé igbá lé omi inú ìkòkò tí ó kún dé ẹnu ti rí i. Níti wa, èyí ni ó dùn mọ́ wa jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1894 ni ọ̀nà ọkọ̀ òkun náà ṣí. Afárá irin náà ṣì wà, ṣùgbọ́n èédú kò gba orí rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ àwọn tí ń rìn fún ìgbádùn ni ó ń gba ibẹ̀.