Ìtẹ̀ka àti Àwo Oúnjẹ Ọmọ Ilé-Ìwé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá ti wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́ mọ́. Olùkọ́ tí ó ti dúró níwájú ọmọ tí kò jẹun kúrò nílé mọ̀ pé òtítọ́ ni. Ìdí nìyí tí ìjọba àpapọ̀ fi dá ètò oúnjẹ ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún 2005, ní ìgbà ìṣèjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Nígbà tí ó di ọdún 2016, wọ́n tún gbé e dìde fún àwọn ọmọ ìwé kìíní sí ìkẹta ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, wọ́n sì dá náírà 70 lé oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́.

Ṣùgbọ́n bí owó bá ti ń tẹ̀lé iye orí, ẹni tí ó fẹ́ jí owó yóò kọ́kọ́ fi irọ́ kún iye orí. Ká ní ọmọ 80 ni ó wà ní ilé-ìwé kan, tí a sì kọ 120 sínú ìwé. Ọmọ 40 tí ìyá kankan kò bí ni yóò máa gba náírà 2,800 lóòjọ́. Bí ilé-ìwé bá fi 20 ọjọ́ ṣí nínú oṣù, owó náà di náírà 56,000. Èyí ni àwọn kan ṣe ń wí pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa tẹ̀ka kí ó tó gba àwo.

Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ìtẹ̀ka kì í ṣe àjèjì sí ará Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn. Àgbà tí kò mọ̀wé kọ a máa fi àtàǹpàkò buwọ́ lùwé. Táyé àti Kẹ́hìndé lè jọra títí ìyá wọn yóò fi ṣi orúkọ pè, síbẹ̀ ìlà ìka wọn kò dọ́gba. Ẹ̀rọ a máa wo ibi tí ìlà náà ti pín àti ibi tí ó ti pin, a sọ wọ́n di nọ́ńbà, a sì fi wọ́n wé èyí tí ó ti wà ní ìpamọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ó ti ń fi ìtẹ̀ka san owó oúnjẹ ọ̀sán. Àǹfààní kan tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ń jẹ ọ̀fẹ́ àti ọmọ tí ń sanwó ń tẹ̀ka bákan náà, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2012 pàṣẹ pé òbí gbọ́dọ̀ kọ̀wé fàṣẹ sí i. Pé bí ọmọ bá kọ̀, a kò gbọdọ̀ fi ipá mú un. Àti pé a gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà mìíràn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò fi jẹun.

Bí a bá wá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí Òkè-Ògùn, ìlú àgbẹ̀ ni a bá dé. Ọmọ tí ń ran òbí lọ́wọ́ a máa di ọkọ́ mú, a máa bó ẹ̀gẹ́, a sì máa ṣa kájú. Epo inú èèpo kóró kájú a máa jó awọ ọwọ́. Ìka tí iṣẹ́ ti họ lára ṣòro fún ẹ̀rọ láti kà, ìka ọmọdé sì kéré, ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó lè wá jẹ́ pé ọmọ tí oúnjẹ náà tọ́ sí jù lọ ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ sọ pé òun kò mọ̀.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2015, ẹ̀rọ ìdìbò kò lè ka ìka Goodluck Jonathan, ààrẹ orílẹ̀-èdè, ní Otuoke tí í ṣe ìlú rẹ̀. A kò tìtorí èyí lé e padà. Ìwé ni wọ́n fi dá a mọ̀, ó sì dìbò. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 2017, ìjọba so oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń fi ìka àti ojú gbà. Ariwo ta, ìjọba sì ní kò sí ọmọ tí a ó fi oúnjẹ dù. Ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dá a lẹ́jọ́ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí nọ́ńbà yìí fi ẹ̀tọ́ ọmọdé dù ú.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ṣe kedere. Bí ẹ̀rọ bá dé Òkè-Ògùn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ka iye àwo tí a bù, kì í ṣe kí ó pinnu ẹni tí yóò jẹun. Bí ó bá kọ ìka ọmọ kan, kí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lójú pe orúkọ rẹ̀, kí ó fi àmì sí ìwé, kí a sì bu oúnjẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 ti wí. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, alágbẹ̀dẹ lè rọ òmíràn; ṣùgbọ́n bí ìtẹ̀ka ọmọ bá bọ́ sọ́wọ́ olè, kò sí ẹni tí yóò rọ ìka tuntun fún un.

Olè tí ń fi orúkọ òfìfo gba owó kò ní ebi lára. Ọmọ tí ó dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ ni ebi ń pa. Ìyà ti àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ ìkejì.