Ẹ Fún Agbẹ́gilére Níjòókòó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá wa, ìṣọ̀kan lẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀rẹ́ mi kan ni màá fi sọ ọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi ní Seattle níbí: mo máa ń tọ àwọn tí kò nílé lọ sábẹ́ afárá, mo máa ń bá wọn wá oògùn àti yàrá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ agbẹ́gilére kan, ọmọ Nuu-chah-nulth, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Kánádà. Igi kédárì kì í kúrò lórí itan rẹ̀, èérún igi a sì kún inú bàtà rẹ̀. Kó tó tọrọ ohunkóhun, á kọ́kọ́ béèrè àwọn ọmọ mi. Nígbà tí ìyá mi kú, ó bá mi jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì fún mi ní ẹyẹ ìwò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ẹgbẹ́ yìí, ẹ̀yìn ìnáwó ló dé. Akọ̀wé ìgbà náà wà níjòókòó, ó mọ̀.

Mo mú ọ̀rẹ́ mi wá síbi àpèjẹ wa. Ẹ ní aṣọ rẹ̀ ń rùn, ẹ ní kó dúró síta. Ẹni tó dá a dúró wà ní ìlà iwájú yìí!

Ọmọ ẹ̀yà ọ̀rẹ́ mi ni John T. Williams, agbẹ́gilére tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa, tí ọlọ́pàá yìnbọn pa nílùú yìí lọ́jọ́ 30 oṣù kẹjọ 2010. Ọ̀bẹ ìgbẹ́gi àti pátákó ló mú dání. Ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ní yíyìn ìbọn náà kò tọ́. Rick, arákùnrin rẹ̀, gbẹ́ òpó ìrántí. Ní 2012, èjìká ni wọ́n fi rù ú la ìgboro já lọ sí Seattle Center.

Ẹ máa ń ní ọtí ló ba ayé ẹ̀yà yìí jẹ́. Ta ló fòfin de ọdún potlatch, àsè ìfúnnilẹ́bùn wọn, ní Kánádà láti 1885 sí 1951? Ta ló kó ọmọ wọn lọ sílé ẹ̀kọ́ tí wọn kò ti gbọdọ̀ sọ èdè wọn?

Nílé Fákẹ́yẹ, ìdílé agbẹ́gilére Yorùbá, bàbá ló ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Nílé Williams náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ẹnìkan lé Lámidì Fákẹ́yẹ síta gbangba nígbà ayé rẹ̀, ṣé ẹ̀ bá gbà? Ẹ fi ère Yorùbá ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ wá ń sá fún ẹni tó ń gbẹ́ ère!

Ẹ yéé pariwo àṣà lásán. Ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá síbi àpèjẹ alẹ́ yìí, èmi ni mo pè é. Ẹni tí kò bá lè bá a jẹun, kó fi ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀.